Ọkùnrin Oníkòkò Ìṣáwùrú ní Ìlú Àtijọ́

Ọjọ́ tí Ortensia kọ́kọ́ pàdé Procolo, ó ní kó kúrò lójú ọ̀nà ni. Procolo ò kúrò.

Ortensia gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta sáàárín yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan ní Pozzuoli, níbi tí ògiri àwọn ará Róòmù àtijọ́ wà lẹ́yìn àwọn ìgò wáìnì. Ẹ̀rọ náà máa ń yí po bí ẹni tó sọ nǹkan nù, á sì máa fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí wọn ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀. Ohun tó bá wọ̀n, á sọ ọ́ di àmì tín-tìn-tín lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kẹ́ àìmọye àmì, títí ògiri á fi dìde dúró níbẹ̀ bíi ti òótọ́. Ọdún kejì rèé tí Ortensia ti ń fi iṣẹ́ yìí kọ́ Puteoli, ìyẹn Pozzuoli àtijọ́, padà, láti èbúté títí dé ilé ìran ńlá. Ó ku òpópónà kan ṣoṣo, abẹ́ ilé oúnjẹ yìí ló sì gbà kọjá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú ẹ̀rọ," ló wí.

Procolo, ọmọ onílé oúnjẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò ìṣáwùrú sọ̀kalẹ̀ wá síbi tútù ni. Ó rò pé fọ́tò ni wọ́n ń yà. Ó fọwọ́ kan lé ìbàdí, ó gbé ìkòkò sókè díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dúró gbọn-in fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko.

"Ṣé ó jáde dáadáa?" ló béèrè nígbà tí ẹ̀rọ dúró.

"Kì í ṣe fọ́tò. Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Háà! Ṣé kí n tún dúró ni? Ẹ̀gbẹ́ òsì mi ló rẹwà jù."

Ortensia fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

Nígbà tó délé, ó ṣí kọ̀ǹpútà kó lè nu ọkùnrin náà kúrò. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá ṣèèṣì dúró níwájú ẹ̀rọ, àfi kí wọ́n nù ún dànù, torí ìlú àtijọ́ ò gbọdọ̀ ní arìnrìn-àjò tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ortensia ti nu irínwó ènìyàn, ajá mẹ́sàn-án àti àlùfáà kan láìṣàánú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọkùnrin oníkòkò yìí, tó dúró sí òpópónà ẹgbàá ọdún bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"Ọ̀la ni n óò nù ún," ló wí. Ọ̀la yẹn ò dé mọ́.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó gbé e wá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn wá di ti oṣù méjì. Lónìí, igun kan ṣókùnkùn. Lọ́la, ẹ̀rọ ò dúró déédéé. Procolo náà ò ṣàìrí ìdí tó fi ń sọ̀kalẹ̀: wáìnì, yìnyín, àlùbọ́sà. Nígbà míì, ó máa ń gbàgbé ohun tó wá mú. Àwo ẹja díndín kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, á ní àwọn oníbàárà ló jẹ ẹ́ kù.

"Oníbàárà wo ló jẹ ẹja tó ṣì ń hó kù?" Ortensia bi í.

"Má wádìí oúnjẹ, olólùfẹ́. Jẹ ẹ́."

Ó gbọ́ "olólùfẹ́" yẹn, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n. Ilẹ̀ mì díẹ̀, bó ṣe máa ń mì ní Pozzuoli, àwọn ìgò ń kanra wọn. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ilẹ̀ wa ló ń kí ẹ," Procolo wí. "Àlejò tí kò bá wù ú, kì í mì fún un."

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Kí oṣù kejì tó parí, Procolo ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Ortensia sì ti dáhùn pé kó dìde kí orúnkún má baà dùn ún, pé òun gbà. Ìyá Ortensia ní Benevento gbọ́ lórí fóònù, ó ní kí ọmọ òun ṣọ́ra, pé ẹni tó bá fẹ́ adínja, òórùn ẹja á bá a dé sàréè. Ìyẹn ò ju àwàdà lọ. Ìyá tí wọ́n ń bẹ̀rù wà lókè, nídìí ààrò.

Opó ni Donna Consiglia, ìyá Procolo. Òun ló ń darí ilé oúnjẹ náà, tó ń jẹ́ Venere, orúkọ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ kan ère obìnrin kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, tó mú ohun kan dání bíi ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń ti písà sínú ààrò. Ó ní Venere ni, pé tẹ́ńpìlì rẹ̀ nìyí. Látìgbà náà, kò sí ìyàwó tuntun ní Pozzuoli tí kì í ti ṣọ́ọ̀ṣì wá síbẹ̀: ìyàwó á fẹnu ko ère lẹ́sẹ̀, ọkọ á ki òdòdó bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tó tò sórí bẹ́ǹṣì òkúta tó yí ògiri po. Pẹpẹ ìfẹ́ ni Donna Consiglia ń pe bẹ́ǹṣì náà.

"Èmi gan-an, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi," ó máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́, "ìgbẹ́ ajá ni mo tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú bàtà funfun! Mo fẹ́ nù ún, ìyá ọkọ mi gbá mi lọ́wọ́. Ó ní, 'Ṣé orí ẹ dàrú ni? Oríire lo fẹ́ nù dànù yẹn!' Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e dé iwájú àlùfáà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá ọkọ mi gbé, a ò jà ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ."

Ó fẹ́ràn Ortensia. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìlú àtijọ́ náà han aráàlú ní gbọ̀ngàn, tí gbogbo Pozzuoli bá ti fojú rí tẹ́ńpìlì Venere lábẹ́ ilé òun, òun fúnra òun á dìde, òun á sì kéde ìgbéyàwó àwọn ọmọ náà.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe tẹ́ńpìlì.

Láti ọjọ́ kejì ni Ortensia ti mọ̀. Ogún ihò tó jìnnà síra wọn bákan náà. Gọ́tà jíjìn lábẹ́ wọn. Gọ́tà kékeré míì níwájú, tí omi ìmọ́tótó ń gbà kọjá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí ò lè ṣàìmọ ohun tí àwọn ará Róòmù ń fi irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọn kì í ki òdòdó bọ̀ ọ́.

Ó sọ fún Procolo létí òkun. Procolo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ń ka àwọn tó ti gbé òdòdó síbẹ̀: ọ̀gá ọlọ́pàá, dókítà eyín, àbúrò bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójijì, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá á pa mí."

"Èmi ni wọ́n á pa. Ìwọ, wọ́n á kàn lù ẹ́ ni."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nídìí tábìlì Donna Consiglia, Ortensia dúró kí wọ́n bu oúnjẹ kejì kó tó lanu. Ó rò pé ẹni tó ti yó díẹ̀ á lè gba ọ̀rọ̀. Ó ṣìrò.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀?" Donna Consiglia rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣálángá? Lábẹ́ ilé mi?"

"Ti gbogbo ìlú ni, mà. Ó dára gan-an. Ogún ìjókòó ni."

"Ogún!" Bí ẹni pé ká ní méjì ni, ì bá fara mọ́ ọn.

Ilẹ̀ mì. Àwọn àwo jó lórí tábìlì.

"Ẹ ò rí i? Venere fúnra rẹ̀ ti bínú! Procolo, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó ẹ ń sọ? Ó ní orí ìgbẹ́ ni bàbá bàbá ẹ kọ́lé sí!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀..."

"Mo fara balẹ̀! Ṣé o rí i pé mo dìde ni?" Ó ti dìde. Ó yíjú sí Ortensia, ó rọ ohùn. "Ọmọ mi, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ wà, àbí? Bá mi fi òpó mẹ́rin síbẹ̀. Òpó mẹ́rin péré, pẹ̀lú òrùlé. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀, mà."

"Ó dáa. Ọjọ́ tó o bá fi ṣálángá hàn aráyé lábẹ́ ilé mi, o ò wọlé mi mọ́, o ò sì fẹ́ ọmọ mi."

Ortensia wo Procolo. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Procolo wo ìyá rẹ̀, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀, ó wo àwo rẹ̀, ó sì ki búrẹ́dì bọ ẹnu. Búrẹ́dì yẹn ló dun Ortensia jù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe àfihàn. Procolo pè títí, Ortensia ò gbé fóònù. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì gbájú mọ́ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Bí àárò bá ti sọ ọ́, á ṣe ẹ̀dà ọkùnrin oníkòkò inú kọ̀ǹpútà, á gbé e sọ́jà. Lọ́jọ́ kejì, á gbé òmíràn sétí èbúté. Ó tiẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà ò fọhùn," ó wí fún un, "ṣùgbọ́n ìwọ ò kúkú jẹ búrẹ́dì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi òpó mẹ́rin náà síbẹ̀. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó fi òrùlé lé e. Ó rẹwà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, torí ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń wò níbẹ̀ yẹn. Ó jókòó tì í títí kọfí rẹ̀ fi tutù. Ọdún méjì ló fi wọn àwọn òpópónà yòókù, òkúta kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, ta ló máa gba ìyókù gbọ́? Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ó nu òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ó sunkún, ó bọ́jú, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ó nu òpó, ó gbàgbé láti nu ènìyàn.

Lọ́jọ́ àfihàn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Donna Consiglia jókòó síwájú pátápátá nínú aṣọ dúdú, báàgì lórí ẹsẹ̀, ó ń retí òpó mẹ́rin. Procolo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n pa iná, ìlú Puteoli sì dìde lára ògiri, funfun báláú, Ortensia sì mú aráàlú gba èbúté wọlé.

"Ta nìyẹn?" ẹnìkan béèrè.

Láàárín àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, ọkùnrin kan dúró, ọwọ́ níbàdí, ìkòkò ìṣáwùrú lókè.

"Procolo ni! Procolo ti Venere!"

Ortensia yára gba ọjà: Procolo wà níbẹ̀. Ó sá lọ sílé ìran: Procolo jókòó... rárá, ó dúró ni, lórí àga tó ga jù. Ní òpópónà ńlá, igun mẹ́rin ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Procolo!" ọkùnrin kan kígbe. "Bó o ṣe wà níbi gbogbo yìí, ta ló ń dínja nílé?"

Gbọ̀ngàn dàrú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà mọ́. Ìtìjú fẹ́ gbé e mì, ṣùgbọ́n òpópónà kan ṣì kù. Ó wọ yàrá ológún ihò. Procolo wà níbẹ̀ náà, pẹ̀lú ìkòkò.

"Ibí yìí," ó nawọ́ sí àwọn ihò náà, "kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ogún ìjókòó."

"Yéè, òdòdó mi!" dókítà eyín ké.

Donna Consiglia dìde, ó di báàgì mú bí ẹni tó fẹ́ sọ òkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó ku ọ̀kan!" Ortensia sọ kíákíá. "Ohun tí ère yẹn mú dání kì í ṣe ti písà. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ni, òun la fi ń dá Fortuna mọ̀. Òrìṣà oríire ni. Wọ́n máa ń gbé e sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kó lè máa ṣọ́ àwọn èèyàn."

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Màmá! Bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó yín ńkọ́?"

"Bàtà wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi tẹ ìgbẹ́! Ta ló ní oríire ni? Ìgbẹ́ ajá kan ṣoṣo gbé yín fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ìyàwó Pozzuoli, orí ìgbẹ́ ogún ìjókòó ni wọ́n dúró sí, lójú òrìṣà oríire fúnra ẹ̀!" Procolo mí kanlẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá lé Ortensia, èmi náà á bá a lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Búrẹ́dì ló dí mi lẹ́nu."

Donna Consiglia wo ogún ihò, ó wo Fortuna, ó wo ọmọ rẹ̀ lára ògiri. Ó wá kọjú sí Ortensia.

"Mélòó nínú ọmọ mi lo fi síbẹ̀?"

"Mẹ́tàdínlógún, mà."

Gbogbo gbọ̀ngàn mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ sì ń wá irin tí wọ́n máa fọwọ́ kàn kí ibi má baà dé. Ní Pozzuoli, o lè dárúkọ ṣálángá níwájú bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi mẹ́tàdínlógún, nọ́ńbà oríburúkú, ka èèyàn.

"Mẹ́tàdínlógún!" Donna Consiglia pariwo. "Ṣé o fẹ́ pa ọmọ fún mi ni? Fi ọ̀kan kún un kíákíá! Mi ò sì fẹ́ ẹ̀dà. Gbé ẹ̀rọ ẹ, kó wá dúró fúnra ẹ̀. Kí ìwọ náà dúró tì í, torí ó hàn pé kò mọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó mi, ṣé o gbọ́?"

Ortensia gbọ́. Procolo ti ń fo àga bọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn ọkọ tuntun kì í gbé òdòdó wá mọ́ báyìí. Wọ́n ń jókòó díẹ̀ ni, fún oríire, wọ́n sì ń tò dé ìta. Nínú ìlú Puteoli, Procolo ti pé méjìdínlógún, obìnrin kan sì di ọwọ́ ẹni kejìdínlógún náà mú. Ṣùgbọ́n lórí ìjókòó kẹta nínú yàrá yẹn, ìyá àgbà kan wà tí Ortensia ò fi síbẹ̀. Ó jókòó ṣánṣán, báàgì lórí ẹsẹ̀.

"Màmá," Ortensia bi í, "ṣé kí n nù yín? Ẹ̀rọ ló ṣèèṣì mú yín níbi tẹ́ ẹ ti ń sinmi."

"Ta ló ń sinmi? Má nù mí," Donna Consiglia dáhùn. "Ẹni tó bá wọlé, kó mọ onílé tó máa kọ́kọ́ kí."