Ẹ̀jẹ̀ Orí Ìrọ̀rí

Ọmọ tí ìyàwó Káfíńtà bí nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta láyé. Ẹnì kankan kò mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin ín tán, ìyá ìyàwó ti mọ ẹni tó pa á.

Alágbàfọ̀ ló nàka sí, ìyá ọkọ, tó ń fọṣọ gbogbo àdúgbò. Ṣebí òun ni wọ́n ń bá nídìí báàfù láràárọ̀, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ ìrọ̀rí ìyàwó? Ẹyẹ dúdú kan sì ń bà sórí òrùlé yàrá rẹ̀. Láti ojúlé dé ojúlé ni ìyá ìyàwó ti ń pè é ní àjẹ́.

Nígbà tí oyún kejì pé oṣù mẹ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ tún dé sórí ìrọ̀rí, ìyá ìyàwó gba búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń tu sílẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu ni àjẹ́ fi ń mọ̀nà. Ẹ gbọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì gbáko, aboyún kò fọ ẹnu.

Ó wá ku oṣù kan kí oyún dé oṣù tí wọ́n bí ti àkọ́kọ́. Káfíńtà, ọmọ tí Alágbàfọ̀ bí, ní kí ìyá òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Inú bí Alágbàfọ̀. Ó ju aṣọ ìrọ̀rí tí kò tíì rẹ sínú omi sórí ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó.

“Àjẹ́ wo ló ń mu ẹ̀jẹ̀ tó ń dà á sílẹ̀ báyìí? Ogójì ọdún ni mo ti ń fọ àbàwọ́n. Itọ́ ló pò mọ́ eléyìí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò. Ẹnu ọmọ yín ló ń rà.”

Ìyá ìyàwó ní ìwọ̀sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ la ẹnu. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n, eyín ẹ̀yìn kan sì dúdú bí èédú. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó sọ.

Alágbàfọ̀ fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Dókítà ní oyún máa ń jẹ́ kí èrìgì tètè wú. Béèyàn kò bá fọ eyín, kòkòrò á pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè ti inú ẹ̀jẹ̀ ṣe oyún níbi. Òun kò lè búra pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tún gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ aboyún mọ́. Ó tọ́jú eyín náà.

Ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án kó tó jáde, ó sì ń ké tagbára-tagbára. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò wò ó. Ìyá ìyàwó náà kúnlẹ̀ fún un.

“Ẹ dìde,” ni Alágbàfọ̀ wí fún ìyá ìyàwó. “Gbogbo ojúlé tí ẹ ti pè mí ní àjẹ́, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ sọ pé irọ́ lẹ pa.”

Ó gbé báàfù rẹ̀, ó sì sá aṣọ ìrọ̀rí funfun náà sójú títì, níbi tí gbogbo àdúgbò á ti rí i.