Ìdánwò Funfun

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń mì lábẹ́ tábìlì bíi ti ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, títí Latifatou tó jókòó níwájú mi fi yíjú padà wò mí. Mo di orúnkún náà mú. Ẹsẹ̀ òsì gbà á. Ìṣirò mẹ́rin ló wà nínú ìwé ìdánwò náà. Mo ti ṣe irú wọn nílé rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ńṣe ni àwọn nọ́ńbà ń sáré kiri lójú mi. Mo jẹ èékánná. Mo kọ orúkọ mi, Rissikatou, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí n lè rí nǹkan ṣe. Nígbà tí olùkọ́ ní kí a dá ìwé padà, orúkọ yẹn nìkan ló wà lórí tèmi.

Ọdún 1986 ni, ní Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin. Oṣù méjì ló kù kí a lọ ṣe ìdánwò BEPC, tí a fi ń parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama, ní ìlú Savalou, èyí tí a ṣe yìí sì jẹ́ àṣewò, tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní examen blanc lédè Faransé. Bàbá mi, Yessoufou, ọmọ Ṣakí tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ nítòsí ọjà, ti sọ ọ́ láìfi bò: bí mo bá fìdí rẹmi, kí n lọ máa bá àbúrò rẹ̀ ta bẹntiróòlù ní Savalou. Faransé tí bàbá mi gbọ́ kò ju èyí tó fi ń tajà lọ, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ọ dáadáa. Èmi náà fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ohun kan wà tó máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni, òdòdó àti ewé tí a ń fi òwú aláwọ̀ ṣe sójú aṣọ. Bàbá mi rí mi nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní eré ni mò ń ṣe nígbà tí ìdánwò ń bọ̀, ó kó abẹ́rẹ́ àti òwú mi, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Mo lọ mu omi, mo padà. Mo gbá àgbàlá tí mo ti gbá láàárọ̀. Àwọn ará ilé ń yìn mí pé ọmọ yìí mà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ àṣewò náà, Ìyá àgbà Wàsílátù, ìyá tó bí bàbá mi, ló wà nílé nígbà tí mo dé.

"Kí ló bà ọ́ lójú jẹ́ báyìí?"

"Mo ti kùnà, Ìyá àgbà."

"Ìdánwò wo?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ examen blanc fún ẹni tí kò lọ síléèwé rí? Mo kàn túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. "Ìdánwò funfun."

Ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀. "Aṣọ funfun ni wọ́n ní kí ẹ ṣe, Yessoufou sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Kí ló ń ṣe ọmọ mi yẹn ná?"

Nígbà èwe rẹ̀ ní Ṣakí, fìlà funfun àwọn tó ń lọ sí mọ́sálásí ni Ìyá àgbà máa ń rán, kò sì sí iṣẹ́ tó le tó o lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó mú aṣọ funfun kan, abẹ́rẹ́ àti òwú aláwọ̀ ewé jáde. "Fọ ọwọ́ rẹ, kí o nù ún gbẹ. Mí dáadáa kí o tó fi abẹ́rẹ́ kàn án, torí gbogbo àṣìṣe ló máa ń hàn lára funfun. Ewé kan péré lóòjọ́. Má sáré."

Mo mọ̀ pé ó ṣì mí gbọ́. Mo fẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n òwú yẹn wọ̀ mí lójú. Mo dákẹ́.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, mo ń fọ ọwọ́, mo ń ṣe ewé kan. Kí n tó ta òwú ní kókó, ẹsẹ̀ mi á ti dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà náà ni mo máa ń ṣí ìwé, ohun tí mo bá sì kà máa ń yé mi. Inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n bí Ìyá àgbà bá ti ń kọjá, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ náà, á ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀." Mo máa ń ṣe àmín, mo sì tẹ orí mọ́ òwú mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló fún ọ ní abẹ́rẹ́?"

"Èmi ni," Ìyá àgbà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "O ò mọ̀ pé aṣọ funfun ni wọ́n máa ṣe ní Savalou? Èyí tó kùnà níjọ́sí ló ń kọ́."

Bàbá mi wò mí. Mo rí i pé ó ti ń gbà á gbọ́. Ìdánwò Faransé, ta ló mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀? "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Rissikatou? Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe é?"

Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Abẹ́rẹ́ mi á sì wà lọ́wọ́ mi.

"Rárá, Bàbá. Ìwé ni a ń kọ níbẹ̀. Funfun kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe àṣewò ni. Ìyá àgbà ṣì mí gbọ́, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ abẹ́rẹ́ náà."

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo àdúrà tí mo ń gbà sórí aṣọ yẹn ńkọ́?" Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó.

Bàbá mi ní kí n gbé ìwé mi wá sídìí tábìlì. Ó ṣí i, ó gbé orí rẹ̀ sísàlẹ̀ torí kò mọ̀wé kà, n kò sì jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. "Ṣàlàyé èyí fún mi." Mo ṣàlàyé ìṣirò onígun mẹ́ta, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dà bí ẹni pé ó ń gbọ́. Abẹ́ tábìlì ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò mì mọ́," ó ní. "Lóṣù tó kọjá, bí a bá jókòó jẹun, abọ́ ọbẹ̀ mi ló máa ń mì."

Ó pa ìwé náà dé. "Máa ṣe ewé rẹ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bẹ ìyá mi."

Mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà na aṣọ náà sí mi. "Tú u. Gbogbo rẹ̀. Èyí tí o fi irọ́ ṣe, n kò fẹ́ ẹ."

Ewé mọ́kànlélógún ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú wọn, mo ń sunkún, mo ń tú. Mo fọ aṣọ náà kí ojú ihò lè pa dé, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé kan.

Ní Savalou, bí wọ́n ṣe pín ìwé, ẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi méjèèjì lára aṣọ mi, mo mí, mo wo ìwé funfun tó wà níwájú mi. Ewé kan péré, mo sọ fún ara mi. Mo ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́, mo nu ọwọ́, mo ṣe ìkejì.

Mo yege. Nígbà tí mo sáré délé wá sọ fún un, Ìyá àgbà bi mí pé, "Ìdánwò tèyí ńkọ́, àwọ̀ wo ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ara yín kò gba dúró nítorí ìdánwò, ẹ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ yín fẹ́ràn, kí ẹ máa fún un ní ìwọ̀nba àkókò lóòjọ́. Ọkàn yín á balẹ̀, ìwé á sì yé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ nítorí rẹ̀.

Mo fi aṣọ náà rán àpò ìrọ̀rí fún Ìyá àgbà. Ní igun kan, ojú ihò àtijọ́ ṣì hàn níbi tí mo ti tú ewé kan. Mo fẹ́ fi òdòdó bò ó, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.