Rodell Tuggle, Ẹni Tí Ó Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Apá Ara Rẹ̀

"Wọ́n ní owó ló gbà o..."

"Ta ni?"

"Ledbetter náà mà ni. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ wa. Wọ́n ní ṣe ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ni àwọn òmìrán ẹgbẹ́ kejì yẹn bá..."

"Háà!"

"Ẹni tó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà ní pápá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí orúnkún Rodell fọ́ tán, ọkùnrin yẹn tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan sí i létí. Wọ́n ní ó ní kó..."

"Kó kí ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé tún sọ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù Purvis onígbàjámọ̀, ní Pickett's Landing, lẹ́bàá odò Mississippi. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tún sọ, síbẹ̀ gbogbo ìlú ni ó ń tún un sọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tú u síta sì wà níbẹ̀, lórí àga ẹ̀yìn, ó di igo mú nínú àpò bébà, ó ń mi orí bí ẹni tí ayé fi ìyà jẹ. Rodell Tuggle ni. Ojú kò tì í.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Rodell jẹ́ fún ọ.

Ọlọ́run fún un ní apá. Àwọn àgbà ìlú náà sọ pé láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti lè ju bọ́ọ̀lù wọn, èyí tí ó ṣe ṣóńṣó ní ìdí méjèèjì tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, kí ó sì bọ́ sí àyà ẹni tí ń sá lọ lókèèrè bí ẹyẹ tí ó bà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Cleotha Bynum ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin gbàǹgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó dúró níwájú Rodell, kí ó fi àyà gba ìyà tí ó ń bọ̀ wá bá a. Aṣọ Cleotha ni ó ń dọ̀tí. Orúkọ Rodell ni wọ́n ń pè.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ń sanwó máa ń péjọ láti yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá burú jù ni ó ń kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì máa ń yàn bí ẹni tí ń yan olùgbàlà. Àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun yóò dúró ní òru ọjọ́ náà pẹ̀lú omi lójú nítorí apá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ wo ìsìn!

Rodell ni ẹnì kejì tí wọ́n pè. Ó wọ kóòtù funfun tí bọ́tìnì rẹ̀ ń dán bí ojú ejò. Wọ́n dé e ní fìlà ẹgbẹ́ náà. Akọ̀ròyìn kan na gbohùngbohùn sí i.

"Rodell, ta lo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?"

Ìyá rẹ̀, Míìsì Earline, ti ń pa ojú dé kí ó lè fi àmín gbè é. Rodell gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó fi ẹnu kò ó.

"Èyí ni," ó wí. "Òun nìkan ló ṣiṣẹ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Míìsì Earline kò rẹ́rìn-ín. Apá! Ẹran àti egungun, oúnjẹ tí ìdin ń dúró dè nínú ilẹ̀, òun ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé Ọlọ́run sọ di ọlọ́run.

Àṣà kan wà ní ibùdó ìgbáradì wọn. Ẹni tuntun ni ó ń ru ìhámọ́ra èjìká àwọn ẹ̀gbọ́n láti pápá dé yàrá ìmúra, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Vernon Ledbetter, àgbà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, na tirẹ̀ sí Rodell.

"Gbà, àbúrò. Èmi náà ru ti àwọn tó ṣáájú mi."

"Èmi kẹ̀?" Rodell wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá, ibo lẹ ti rí ọba tó ń ru ẹrù ẹ̀ṣọ́?"

Ledbetter ní, "Ó dáa náà," ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ.

Ẹgbẹ́ náà fún Rodell ní ìwé eré, ìwé kan tí ó nípọn bí ìrọ̀rí. Ajubọ́ọ̀lù ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sórí, nítorí òun ni ó ń wo àwọn ọ̀tá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń kígbe ibi tí ewu ti ń bọ̀. Bí ó bá pe ọ̀tún, ọ̀tún ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń yí sí. Bí ó bá pe òsì, òsì ni. Ẹ̀ṣọ́ kì í jiyàn. Rodell ń gbé ife ọtí lé ìwé náà.

"Apá mi ò mọ̀wé," ni ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ tí ń bá a jẹun, "ó sì ń bọ́ gbogbo yín."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àbí kí ni kí wọ́n ṣe? Ẹran rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin ará, ṣe ni ó ń ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ àwọn ọ̀tá bí ìyá ìyàwó tí ń há nǹkan fún àlejò. Àwọn èrò tí wọ́n ra ẹ̀wù rẹ̀ ní oṣù kẹrin dáná sun ún ní oṣù kẹwàá, ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n sì ń yá iná rẹ̀. Má ṣe ṣàánú wọn, má sì ṣe gbọ́ tiwọn. Ẹnu tí ó pe ènìyàn ní olùgbàlà tí ó tún pè é ní ìdọ̀tí, ẹnu kan náà ni, kò sì mọ ìyàtọ̀.

Ọdún kẹta ni ọjọ́ náà dé. Yìnyín bo pápá. Rodell dúró lẹ́yìn àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó wo àwọn ọ̀tá, kò mọ ohun tí ó ń wò. Òsì ni ewu wà. Ó kígbe, "Ọ̀tún!" Ledbetter bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Àgbà ni, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n Rodell ti pe ọ̀tún, ó sì lọ sí ọ̀tún.

Àyè ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin méjì já wọlé láti òsì, orúnkún Rodell sì dún bí ẹ̀ka gbígbẹ tí ó ṣẹ́. Àwọn èrò ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n hó ìhó ayọ̀.

Ledbetter kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó tẹ orí sí etí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún un. Rodell gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn bèèrè, ohun tí Ledbetter wí ni, "Èmi ni mo fi ọ̀nà sílẹ̀." Kò fi kún un, kò yọ kúrò. Wọ́n bú u títí, ẹgbẹ́ sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Rodell ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu rẹ̀ ì bá tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Nígbà tí yóò sì la ẹnu náà, irọ́ ni ó fi pa.

Ẹgbẹ́ lé òun náà. Òmíràn gbà á, ó lé e. Àwọn tí ń bá a jẹun lọ wá ibòmíràn jẹ. Ọtí dúró tì í. Ọtí kì í tètè sá. Ó padà sí ilé ìyá rẹ̀, sórí ibùsùn tí ó ń sùn sí nígbà kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta ní ìdí rẹ̀. Bí oṣù kẹrin bá sì ti dé, tẹlifíṣọ̀n á to orúkọ àwọn àyànṣòfò, àwọn tí wọ́n fi ariwo yàn tí wọn kò wúlò. Rodell ni ó máa ń ṣíwájú. Irọ́ tí ó pa mọ́ Ledbetter ni ẹ̀wù kan ṣoṣo tí ó kù tí ó fi ń bo ìhòòhò rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, Cleotha Bynum wọ ṣọ́ọ̀bù Purvis. Díákónì ni báyìí, òun ni ó sì ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ gbọ́," ó wí, "ẹnì kan ti bèèrè iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. Lọ́jọ́bọ̀ làwọn òbí máa pinnu. Vernon Ledbetter ni."

Abẹ dúró lọ́wọ́ Purvis. "Júdásì yẹn? Kó máa kọ́ ọmọ ta ni? Kó wá tà wọ́n ní ẹyọ-ẹyọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Gbogbo wọn wo Rodell pẹ̀lú àánú. Rodell wo ilẹ̀.

"Dell," ni Cleotha wí, "bá mi dé inú bọ́ọ̀sì."

Bọ́ọ̀sì náà ṣófo, oòrùn ọ̀sán mú inú rẹ̀ gbóná. Cleotha jókòó sórí àga awakọ̀, ó yíjú sẹ́yìn.

"Mo ti wo eré yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n léraléra. Ẹ̀ṣọ́ ni mí, Dell. Mo mọ bí ẹni tó ń dalẹ̀ ṣe ń rìn. Ibi tó o rán ọkùnrin yẹn ló lọ."

Rodell mu nínú igo rẹ̀. "Tó o bá mọ̀, kí ló dé tó ò sọ?"

"Tèmi kọ́ ni láti sọ. Tìẹ ni."

"Kí ló máa wá kù fún mi? Ẹ sọ fún mi, díákónì. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti di òfo pátápátá nìyẹn."

"Òfo lo ti jẹ́ tipẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Àbí o rò pé nítorí apá ẹ ni Purvis fi ń gé irun ẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Tó o bá ti jáde báyìí ni wọ́n á máa fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀. Jésù ò bínú sí òfo o. Ta ló ń rọ omi sínú igbá tó kún?"

"Má wàásù fún mi, oníbọ́ọ̀sì."

"Mo ti wàásù tán. Ìbéèrè kan ló kù. Ẹni tó gba ẹ̀bi ẹ lójú gbogbo ayé, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́, tó ò sì kí i pé ó ṣeun rí, kí lo máa ń pè é nínú ọkàn ẹ?"

Rodell ní, "Wèrè."

"Ẹnì kan ti ṣe irú wèrè bẹ́ẹ̀ ṣáájú Ledbetter. Wọ́n tutọ́ sí I lára. Wọ́n kàn Án mọ́ igi. Ẹ̀bi ẹ ló gbà, Dell, kì í ṣe ti yìnyín nìkan. Gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan ẹnu tó o fi ko apá lójú ìyá ẹ."

Rodell wo apá náà. Ó gbé igo náà sílẹ̀ lẹ́bàá àga. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún tí ó fọ́ náà kò ká mọ́, àyè àárín àga sì há. Ẹni kejì tí wọ́n yàn ní gbogbo Amẹ́ríkà dojú bolẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ọmọdé, lórí eruku àti ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ tu síbẹ̀.

"Olúwa," ó wí, "irọ́ ni mí. Mi ò ní apá kankan mọ́. Gbà mí."

Cleotha dìde lórí àga awakọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Ledbetter jókòó níwájú, fìlà rẹ̀ lórí ìtan. Purvis dìde, ó tún ìròyìn náà rò, gbogbo ilé sì ń kùn bí oyin. Nígbà náà ni Rodell dìde, láìmutí, ó ń làágùn.

"Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa. Òsì ni ewu wà. Ọ̀tún ni mo pè, torí mi ò kàwé tí wọ́n fún mi. Ọkùnrin yìí ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ Rodell!" ni Purvis kígbe. "O sọ fún wa pé ó bú ẹ nígbà tó o wà nílẹ̀! Kí ló wá sọ sí ẹ létí nígbà náà?"

Dúró níbẹ̀, ìwọ òǹkàwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni o ti ń rẹ́rìn-ín Rodell, ó sì yẹ fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kí ni apá tìrẹ? Ìwé ẹ̀rí tí o gbé kọ́ ara ògiri ni? Ilé tí o kọ́? Ẹwà rẹ? Kí ni o ń fi ẹnu kò nígbà tí ó yẹ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Ẹ̀bi tí o mọ̀ pé tìrẹ ni, orí ta ni o gbé e kà? Ìyàwó rẹ? Ọ̀gá rẹ? Àwọn ará ilé bàbá rẹ? Irọ́ yẹn kò bò ọ́. Ìhòòhò rẹ hàn sí Ọlọ́run, ó tún hàn sí àwọn aládùúgbò.

Má sọ pé ọ̀la. Ẹni tí ó wọ kóòtù funfun náà ń sọ pé ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó pa ìwé yìí dé, sọ fún Jésù pé irọ́ ni ọ́, kí Ó gbà ọ́. Kò ní ta ọ́ nù. Àwọn òbí Pickett's Landing gba Ledbetter sí iṣẹ́ náà, Rodell sì ń bá Cleotha lọ sí ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí ìlú ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Nítorí ohun tí Rodell dá Purvis lóhùn ni. Gbọ́ ọ bí ẹni pé ìwọ ni o dùbúlẹ̀ nínú yìnyín, tí àwọn èrò ń hó lé ọ lórí.

Rodell nu ojú rẹ̀, ó ní:

"Ohun tó sọ nìyí. Ó ní, 'Má wo ẹsẹ̀ ẹ, ọmọ. Ojú mi ni kó o wò. Òsì ló yẹ kó o pè. Mo mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bèèrè, èmi ni mo ṣe é.'"