Odídẹrẹ́ Ìpọ̀nrí

"Ìyá Ẹlẹ́yẹ, àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

Teslim ló tún bẹ̀rẹ̀ yẹn, olùkọ́ bàọ́lọ́jì kò sì tíì jáde ní kíláàsì tán. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mobọ́lá tẹrí ba, inú ń bí i. Ohun tó sọ fún wọn kò ju pé òun ń bá olùwádìí kan ṣọ́ odídẹrẹ́ tó ń tọ́ ọmọ lórí igi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sìn nínú kéèjì. Teslim ní irọ́ ni, pé ẹyẹ wo ló wà ní Sùúrùlérè ju adìyẹ àti lékeléke lọ.

Kì í ṣe irọ́. Igi àràbà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ìpọ̀nrí, ihò kan sì wà lókè rẹ̀. Inú ihò yẹn ni akọ àti abo odídẹrẹ́ kan ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́ta. Dókítà Margaret Abọ́dúndé, tí Mobọ́lá ń pè ní Àǹtí Margaret, ló kọ́kọ́ rí wọn. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Àwọn ẹyẹ àti ẹranko tó ń tán lọ nílẹ̀ wa ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń wádìí ibi tí wọ́n kù sí, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti ohun tó ń pa wọ́n. Ó bẹ ìyá Mobọ́lá pé kó jẹ́ kí òun máa jókòó lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé wọn, torí pé ibẹ̀ dojú kọ ihò náà gan-an. Bí Mobọ́lá bá ti ilé ìwé dé, òun náà á gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ni sójú, á máa wo bí àwọn òbí ẹyẹ náà ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí Margaret fún un: a kì í sọ ibi tí ìtẹ́ wà. Òun fúnra rẹ̀ kì í kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, "Èkó" nìkan ló máa ń kọ. Bí ará àdúgbò bá bi í pé kí ló ń wò lókè, á ní ojú ọjọ́ ni.

"Àwọn tó ń ta ẹyẹ kò lè jí ohun tí wọn ò mọ̀ pé ó wà," ló sọ fún Mobọ́lá. "Títí àwọn ọmọ yìí á fi fò, ẹnu wa ni ilẹ̀kùn wọn."

Mobọ́lá ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kíláàsì ń ta á lára. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ìyá ẹyẹ bà sí ẹnu ihò, ìrù pupa rẹ̀ hàn ketekete. Mobọ́lá yọ fóònù, ó yà á, ó sì gbé e sórí Wasáàpù. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn tó ń pe òun ní òpùrọ́ wá wò ó. Kò dárúkọ ibì kankan, nítorí náà ó dá a lójú pé òun kò rú òfin. Ohun tí kò kíyè sí ni táńkì omi ẹ̀sítéètì tó dúró lẹ́yìn igi náà nínú àwòrán. Kò sí ọmọ Sùúrùlérè tí kò mọ táńkì yẹn.

Oríyìn pọ̀. Teslim alára ní kó má bínú, ló bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ káàkiri. Nígbà tó yá, ọkàn Mobọ́lá kò balẹ̀ mọ́, ó sì pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ilé Mobọ́lá wà ní ìsìn ìkórè, àwọn kan wá pẹ̀lú okùn àti àáké. Nígbà tí ilé Mobọ́lá fi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ihò náà ti ya sílẹ̀, àtè wà lára ẹ̀ka, ìyẹ́ ìyá ẹyẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀sítéètì tó jẹ́ pé bí àlejò bá dé, wọ́n á bi í léèrè títí dé orúkọ bàbá rẹ̀! Àwọn olè ní àwọn wá gé ẹ̀ka, ọlọ́dẹ ṣí géètì fún wọn. Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń wòran, ẹnì kan tilẹ̀ bá wọn di okùn mú. Nígbà tí Àǹtí Margaret sáré dé, tó bi àwọn aládùúgbò pé kí ló dé tí wọn ò dá wọn dúró, wọ́n ní ṣebí ẹyẹ lásán ni. Ká ní ẹnì kan fọ́ gíláàsì mọ́tò wọn ni, gbogbo wọn ì bá ti tú síta.

Mobọ́lá kúnlẹ̀. "Àǹtí, èmi ni mo gbé àwòrán wọn síta."

Ojú Àǹtí Margaret pọ́n. Kò bú u. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí Mobọ́lá tẹ̀ lé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ nítòsí Òtò.

Wọ́n ṣe bí oníbàárà. Ní ìsọ̀ kan, ọkùnrin kan fa kéèjì yọ lábẹ́ tábìlì. Ọmọ odídẹrẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń gbọ̀n, ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì kún.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, orígínà ni," ni ọkùnrin náà wí. "Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn kó wá. Ẹ wo ìyá ẹ̀."

Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Àwòrán Mobọ́lá ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀.

 Mobọ́lá bi í pé àwọn méjì tó kù ńkọ́. Ọkùnrin náà ní wọ́n kú sínú àpò, pé ooru mú wọn, ẹnì kan sì ti ra ìyá wọn lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ tòmátò tó bàjẹ́.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, ọkùnrin náà yí ohùn padà, ó ní àtọdúnmọ́dún ni ẹyẹ náà ti wà nílé òun. Òṣìṣẹ́ kan bi wọ́n pé ta ló lè jẹ́rìí pé láti Ìpọ̀nrí ló ti wá. Mobọ́lá mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ìwé ni yóò gbọ́ ohun tí òun ṣe. Ó bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo ya àwòrán inú fóònù yẹn, sà. Èmi ni mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Wọ́n gba ọmọ ẹyẹ náà, wọ́n sì mú ọkùnrin náà lọ. Àǹtí Margaret ló ń tọ́ ọmọ náà báyìí, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ̀ bóyá yóò lè gbé inú igbó láé, nítorí kò sí òbí tí yóò kọ́ ọ. Bàbá ẹyẹ náà nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn olè. Ní ìrọ̀lẹ́, á bà sí ẹnu ihò tó ya náà, á máa ké, Mobọ́lá á sì jókòó lójú fèrèsé, á máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ó tún padà sílé ìwé, ìyá rẹ̀ sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó súre fún un bó ṣe máa ń ṣe: "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ." Mobọ́lá kò lè ṣe àmín. Ó lọ dúró níwájú kíláàsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, Teslim kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni a fi ń wá oríyìn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pè wá ní òpùrọ́ ni a gbọ́dọ̀ dá lóhùn. Ẹ̀yin àgbà náà ńkọ́, tí ẹ di okùn mú? Ojoojúmọ́ là ń fi orúkọ ẹyẹ yìí ṣàdúrà fún ọmọ wa. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kò kú sóko ìwájẹ. Ilé wọn la ká wọn mọ́.