Ẹni Tó Ń Dáhùn Àgò Nílé Ọláníyan

Oyin ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè Àjíǹde ọdún 2025, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Adétóyìn, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, jókòó tì í, ó ń bó ẹ̀pà. Níbi tí Oyin bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Adétóyìn á tún un ṣe láìgbójú sókè. Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti fi ara rẹ̀ pamọ́, kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé òótọ́ ni, bí kò tilẹ̀ yé wa títí di òní.

Ilé náà wà ní Onitsha, ní òpópó kan tó yà kúrò lára Iweka Road. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó lókè. Páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti pọ́n. Sámúẹ́lì Ọláníyan, bàbá Adétóyìn, ló kọ́ ọ. Aláṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi. Gbogbo ilé tó yí i ká ni wọ́n ti wó, tí wọ́n ti sọ di ilé ìtajà alájà mẹ́rin. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù láàárín wọn bí eyín àgbà.

Gbóyèga, àbúrò Adétóyìn tó ń gbé ní Èkó, ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Adétóyìn ò fẹ́ gbọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, òun nìkan ló sì kù tó ń sùn níbẹ̀. Ó gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan wà nínú ìlú tó ń yan àwọn ilé àtijọ́. Ilé tí wọ́n bá yàn, wọ́n á tẹ òkúta mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ orúkọ onílé sí i, ẹnikẹ́ni ò ní lè wó o mọ́. Ó lọ bá wọn.

Gbóyèga rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ má bá mi jà o. Mo máa tà á."

"Wọn ò ní kọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tó ń jò bí ajere."

Òfin kan wà nílé náà láti ayé Bàbá Ọláníyan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìpe àgò, kódà bí ilé bá ṣófo. Adétóyìn ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ṣì ń pè é ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Òun náà ò sì retí ìdáhùn.

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ wá. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Eruku bo ohun gbogbo, ó bo ewé, ó bo ètè ènìyàn. Àwọn méjì ló wá. Alága ni Okwudili, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ òpópó náà gan-an. Ìkejì ni Babáfẹ́mi Tìjání, ẹni tó ń bá wọn wọn ilé. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Onitsha, ó sì ti pẹ́ tó ti rí ẹni tó máa bá sọ Yorùbá. Wọ́n pàdé Adétóyìn ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn. Adétóyìn ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀. Babáfẹ́mi fẹ́ dá a lára yá. Ó fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn.

"Àgò onílé o."

"Àgò yà. Ẹ nu ẹsẹ̀."

Ohùn obìnrin ni. Kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Ohùn ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Láti inú ilé ló ti wá, níbi ìdí àtẹ̀gùn.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Adétóyìn.

Babáfẹ́mi ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Màmá, ẹ ti èèyàn mọ́lé kẹ̀."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni," ni Adétóyìn wí. "Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé."

Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ kankan. Kò sì sí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ògiri ilé ìtajà ti dí i pa láti ọdún kẹta. Okwudili wo ojú rẹ̀. Àpò ìrẹsì kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà dúró lórí rẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó nu ẹsẹ̀ òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọdé tí wọ́n ń ṣọ́.

Wọ́n gòkè lọ. Okwudili bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ ní èdè Igbo, Adétóyìn sì ń dáhùn. Èdè náà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ dé, ibi tó ti ra pákó, iye ọjọ́ tí wọ́n fi po amọ̀.

"Nígbà ogun ńkọ́?" ni Okwudili wí. "Ta ló wà níbí?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni. A ti ilẹ̀kùn, a sá lọ sílé. Ọlọ́run ló ṣọ́ ọ."

"Ọlọ́run," ni Okwudili wí. "Ó ṣeun."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣàrà. Ó dákẹ́. Ṣàrà. Ó ń lọ láti igun dé igun, láìkánjú.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ yín mọṣẹ́ o," ni Babáfẹ́mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Adétóyìn wí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni kankan nísàlẹ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Eruku tí wọ́n bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé ti lọ. Ojú ẹsẹ̀ Babáfẹ́mi ti lọ. Ojú ẹsẹ̀ Okwudili àti ojú ọ̀pá rẹ̀ ti lọ. Ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló kù, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àtẹ̀gùn, ojú sílípáàsì kékeré. Ìgbálẹ̀ ti yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn po, bí ènìyàn ṣe ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì po. Ti Adétóyìn ni.

Babáfẹ́mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Okwudili gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń ré ojú ẹsẹ̀ náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ré ẹni tó sùn kọjá. Ó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti ń dáhùn. Ẹni tó ń ta omi pe àgò, wọ́n dá a lóhùn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù wá fi ẹjọ́ sùn. "Madam, your housegirl get mouth o. She say make I clean leg." Obìnrin tó wá tọrọ iyọ̀ pè é, wọ́n dá a lóhùn. Adétóyìn nìkan ló ń pè é tí ilé ń dákẹ́. Ó ń wọlé bẹ́ẹ̀ náà, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń gòkè lọ sùn.

Ó ránṣẹ́ pe Oyin. Àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló bí Oyin, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Okpoko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha. Oyin rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe àgò. Wọ́n dá a lóhùn. Ó ní kí Adétóyìn pè é. Adétóyìn pè é. Ìró kẹ̀kẹ́ ń wá láti títì, ìró ẹ̀rọ iná ń wá láti ilé ìtajà. Láti inú ilé, kò sí nǹkan kan.

"Àǹtí, ta ni?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni."

"Ẹni tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ní kí n nu ẹsẹ̀?"

Adétóyìn jókòó lórí àtẹ̀gùn ìta. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́.

Orúkọ obìnrin náà ni Nwanyịeke. Bàbá Ọláníyan fẹ́ ẹ ní Onitsha, ó gbé obì àti ẹmu lọ sílé àwọn èèyàn rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí ogun dé, Bàbá kó ìyàwó tí wọ́n mọ̀, ìyá Adétóyìn, àtàwọn ọmọ, wọ́n sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Adétóyìn jẹ́ ọmọ ọdún méje. Nwanyịeke ló dúró. Ó ń sùn nínú yàrá ẹrù tó wà nídìí àtẹ̀gùn. Bí ọta bá lu páànù, òun ló ń gun òkè lọ dí i. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ogun, gbogbo òpópó ti di àlàpà, ilé wọn dúró. Bàbá pe àgò lẹ́nu ọ̀nà. Nwanyịeke dáhùn láti inú ilé. Ó ní kí wọ́n nu ẹsẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ dè wọ́n ni.

Díákónì ni Bàbá, díákónì kì í ní ìyàwó méjì. Nígbà tí àwọn ará ìjọ béèrè ẹni tó jẹ́, ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá wa ṣọ́ ilé ni."

Nwanyịeke ò jiyàn. Ó ń sùn nínú yàrá ẹrù, ó ń se oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ tí àlejò ìjọ bá wà, orí àtẹ̀gùn ìta ló ti ń jẹ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ń pè é, láìfi ìyá kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adétóyìn ń pè é ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é lọ́dún tí obìnrin náà kú, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di abilékọ.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ni Adétóyìn wí. "Mo sì tún pè é lọ́mọ ọ̀dọ̀. Lójú àlejò."

Oyin sún mọ́ ọn. Ó jókòó tì í.

Oṣù Keje ni Okwudili padà wá. Àwọn alàgbà ìjọ méjì bá a wá láti ṣe ẹlẹ́rìí. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé ṣókùnkùn, wọ́n ní láti tan iná fóònù. Oyin náà wà níbẹ̀. Okwudili ní ìgbìmọ̀ ti gba ilé náà. Ó ku kí Adétóyìn fọwọ́ sí ohun tí wọ́n máa gbẹ́ sára òkúta. Ó kà á sókè: ilé Sámúẹ́lì Ọláníyan, ẹni tó kọ́ ọ, tó sì pa á mọ́ la ogun já.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni Okwudili bi í.

Kó ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Gbóyèga ò ní rí ilé tà. Orúkọ Bàbá á wà lára ògiri títí láé.

Adétóyìn ya ẹnu. Òjò dákẹ́.

Òjò ò dá. Wọ́n ń rí i lójú fèrèsé, ó ń rọ̀ gidi, àgbàrá ń ṣàn ní òpópó. Ṣùgbọ́n kò dún lórí páànù mọ́. Kò dún níbikíbi. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà gbójú sókè wo àjà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, gbogbo wọn gbọ́ pé ẹnì kan ń mí nídìí àtẹ̀gùn, mímí ẹni tó dúró tó ń tẹ́tí.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Adétóyìn wí. "Ìyàwó bàbá mi ló pa á mọ́. Nwanyịeke. Ìyàwó rẹ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta.

Alàgbà kejì wú ikọ́. "Arábìnrin, díákónì ni bàbá yín o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Okwudili rọra tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Nwanne m, ọmọ ìyá mi," ló wí, "nínú ìkòkò rẹ̀ ni mo ti jẹun nígbà ogun. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Gbogbo ìgbà ló ń ní kí n nu ẹsẹ̀."

"Ẹ mọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ṣé ẹnu tèmi ló yẹ kó ti jáde?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gbóyèga pè. Àwọn alàgbà ti sọ fún un. "Ẹ ti ba orúkọ Bàbá jẹ́."

"Ilé ò wó."

"Ṣé ilé ni mo ń sọ ni?"

Adétóyìn rò pé ó ti tán. Ó ra ẹní tuntun fún ẹnu ọ̀nà. Ó kó àwọn àpótí aṣọ àtijọ́ jáde nínú yàrá ẹrù, ó nu ibẹ̀, ó ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe àgò. Ilé dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ òkúta mọ́ ògiri, òpópó kún. Orúkọ méjì ló wà lára òkúta náà, ti Nwanyịeke ló ṣáájú. Okwudili sọ fún àwọn èèyàn pé àṣà ilé náà ni kí ènìyàn pe àgò kó tó wọlé. Wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn náà sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé wọ́n fi ẹnì kan síbẹ̀ ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Babáfẹ́mi ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ẹsẹ̀, ó wọlé, ó lọ dúró síbi tó jìnnà sí ìdí àtẹ̀gùn.

Adétóyìn ló gbẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Ó nù ún dáadáa.

"Àgò onílé o."

Àwọn tó wà nínú ilé dákẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ń retí.

"Àgò o," ni Adétóyìn wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ìyá mi, àgò."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé. Nínú ilé, ìgbálẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Ṣàrà. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

"Ẹ máa wọlé, Màmá," ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí láti inú lọ́hùn-ún. "Ṣebí ilé yín ni."

Adétóyìn mi orí. Ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Ènìyàn kì í wọ ilé tí onílé ò tíì dáhùn.

Ọ̀dọ̀ Oyin ló ń gbé báyìí, ní Okpoko. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń gba òpópó náà kọjá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pè é. A bi í ní Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá nǹkan ti yàtọ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní òun ṣì ń pè é.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ni wọ́n tẹ òkúta náà mọ́ ògiri, tí ọ̀rọ̀ ilé náà parí, tó di ilé tí ẹnikẹ́ni ò lè wó mọ́. Lọ́jọ́ náà, orí àtẹ̀gùn ìta ni Oyin gbé oúnjẹ Adétóyìn wá bá a, ibẹ̀ ló sì ti jẹ ẹ́.