Ohùn Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọrin nínú kíláàsì náà, ṣùgbọ́n Ernest ní ohùn méjì lòun gbọ́.

Morónkẹ́ ìyàwó mi ló kọrin. Ní Kábbà, ní nǹkan bí 1956, gbogbo ènìyàn ló mọ orin apọnmi tí òun àti Rachel àbúrò rẹ̀ máa ń kọ. Morónkẹ́ á béèrè pé, "Ta ló wà lódò?" Rachel á ní, "Èmi ni." "Ṣé ọ̀nà jìn?" "Kò jìn." "Ṣé kí n máa bọ̀?" "Máa bọ̀." Lẹ́yìn tí ibà pa Rachel, Morónkẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dá òun lóhùn. Bó bá ti béèrè, á dákẹ́ díẹ̀, á tún béèrè òmíràn.

Inú ọkọ̀ níta ni Ernest, agbohùnsílẹ̀ tó wá láti Èkó láti gba orin náà sínú àwo, jókòó sí, tó fi ẹ̀rọ bo etí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Morónkẹ́ béèrè, ó dákẹ́. Ẹyẹ tó ń rìn lórí páànù nìkan ni mo gbọ́.

Ernest wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyáàfin. Ohùn tó há yẹn kò ní tà. Màá gé e kúrò, màá lẹ èyí tó dùn pọ̀."

"Èwo ló dùn?" ni Morónkẹ́ bi í. Ó rò pé Ernest ń ṣàwàdà ni.

Nígbà tí àwo náà dé, Màmá, ìyá ìyàwó mi, wá láti Ekinrin-Adde. A kí i pé "Okun o," a fún un ní àga. Ọ̀sán gangan ni. Mo yí ọwọ́ giramafóònù, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

"Èmi ni," ni ohùn náà wí, ó mọ́ gaara. "Kò jìn. Máa bọ̀."

Màmá yíjú sí mi. "Kọ́láwọlé," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Rachel rèé."

"Máa bọ̀," ni àwo tún wí.

"Má dáhùn!" Màmá na ọwọ́ láti bo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

"Mò ń bọ̀," ni Morónkẹ́ wí.

Màmá fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ra tiwọn. Ohùn náà ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀, láti ilé tísà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lò ó mọ́. Wọ́n ní mò ń jowú ìyàwó mi. Mo mú un lọ sí oko wa ní Ìkòyí, ti ẹ̀bá Kábbà, kì í ṣe ti Èkó, níbi tí kò sí giramafóònù. Níbẹ̀ náà, bó bá ń bẹ iṣu, á kàn dáwọ́ dúró, á dẹ etí sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ó gbé ìkòkò lọ pọnmi. A bá ìkòkò náà létí odò, omi kún un dẹ́nu. A rí òkú òun náà nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi kò mu ènìyàn dé orúnkún.

Wọ́n ṣì ń lo àwo náà ní Kábbà. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ké sí mi pé, "Ohùn ìyàwó yín mà dùn o!" Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohùn Morónkẹ́ gan-an, tó há, tó máa ń ya bó bá lọ sókè, kò sí níbì kankan mọ́.