Igi Ẹ̀gẹ́ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ará-Ọ̀nà ti ìrìnàjò dé, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ yín ti sùn lọ."

"Ẹnu tìẹ mú tó fún àwa méjèèjì."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ará-Ọ̀nà, awakọ̀ tírélà, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sọ ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan kalẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó. Ní òdìkejì ibodè, ẹ̀gẹ́ yìí ń ta tó itan àgbàlagbà."

"Àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè ò dá ẹ dúró?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo máa ń sùn sí nínú ọkọ̀ ni mo fi sí. Ta ló máa wo ibẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Igi lásán ni, kì í ṣe ìbọn.

Ìyá náà lawọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó pín igi náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti gbogbo aládùúgbò, wọ́n sì tu ti àtijọ́ kúrò kí àyè lè gba tuntun. Òun nìkan ni kò tu tirẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Àárín rẹ̀ ló gbin tuntun sí. Ó ní kí àlejò máa wojú onílé. Ewé ti ìyá rẹ̀ ti ní àbàwọ́n díẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ta dáadáa. Òun ló fi tọ́mọ.

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, tó ń pọ́n. Nígbà tí ìyá náà hú ẹ̀gẹ́, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n inú ti jẹrà. Ó la òmíràn, bákan náà ni. Ó ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn.

"Màmá, kòkòrò àrùn tójú ò lè rí ni," obìnrin òṣìṣẹ́ náà wí. "Ẹ̀yà kan wà lára ẹ̀gẹ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ yín ti mọ bó ṣe máa fara dà á. Igi àjèjì yẹn gbé ẹ̀yà mìíràn wá. Eṣinṣin funfun kéékèèké tó ń mu omi ewé ló kó méjèèjì pọ̀. Wọ́n pàdé nínú igi kan, wọ́n dà pọ̀, èyí tó burú ju méjèèjì lọ sì jáde."

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Kò sí, Màmá. Ẹ ó tu gbogbo rẹ̀, ẹ ó sun ún."

"Ti ìyá mi náà?"

"Òun náà. Ṣé ẹlòmíì ní irú rẹ̀, níbi tí àrùn ò dé?"

Ó ronú títí. Gbogbo àwọn tó ní i ló ti tu ú nítorí ẹ̀bùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tu ẹ̀gẹ́ náà tán, Ará-Ọ̀nà ló ṣáná sí i. Kò lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti oko tirẹ̀, níbi tí òun náà ti sun ẹ̀gẹ́, èéfín kún aṣọ rẹ̀.

"N ò bínú," ló wí. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìwọ tó ń ka èyí, bó o bá ń tìrìnàjò bọ̀, má fi igi tàbí irúgbìn pamọ́ kọjá ibodè. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Má pín ohun ọ̀gbìn tí o kò mọ orísun rẹ̀, má sì pa irú àtijọ́ rẹ́ nítorí tuntun. Bí ewé bá yí padà, tètè ké sí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn. Ìyá Ará-Ọ̀nà ti mọ gbogbo èyí báyìí. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, ebè rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì ní ohun tí yóò gbìn.